Yánrin Hù ní Ṣìkágò

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Iléṣà, ẹ kú ilé o. Mo ti dé, ẹ sì ti rí mi, ṣùgbọ́n ẹ ò rí ẹni tí ẹ rán mi lọ mú wá. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ẹ ti ń bi mí pé, “Morẹ́nikẹ́ dà?” Ẹ ń bi mí lójúde, ẹ ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó wá kí mi kú àbọ̀ kò tíì jókòó tó fi bi mí. Ẹnu kan kò lè dá gbogbo yín lóhùn. Tísà sì ni mo fi ayé mi ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, ohun tí mo bá fẹ́ kó yé ènìyàn, kíkọ ni mo máa ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ eléyìí náà sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú lè kà á parí kó tó bínú.

Ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi, Morẹ́nikẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Rẹ́nikẹ́, nọ́ọ̀sì ni ní Ṣìkágò, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì ti lọ sí yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn. A gbọ́ lórí tẹlifóònù pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nínú, pé ó yè é, ṣùgbọ́n oúnjẹ kọ̀ ọ́, ó ń rù lọ. Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wa, pe ìpàdé. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, “Ìwọ lẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ mú un wá. Ẹni tí kò lè jẹun nílẹ̀ onílẹ̀, kó wá jẹun nílé bàbá rẹ̀. Má dá padà wá o.” Mo ní mo gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, tí mo bá ní mo gbọ́, mo gbọ́ náà nìyẹn.

Igi tí kò léwé

Ìparí oṣù kejì ni mo gúnlẹ̀ sí Ṣìkágò. Alhaji Ganiyu ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú, ọmọ Ìbàdàn kan tó ń wa takisí, tí òun àti àbúrò mi ti mọra tipẹ́. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n aṣọ tó wọ̀ nípọn bíi tìmùtìmù, kò jẹ́ kó tẹ̀, ló bá fọwọ́ kan ilẹ̀. Kóòtù ńlá kan wà lápá rẹ̀.

“Mọ̀mí, ẹ wọ coat yìí kí a tó jáde o. Winter ibí yìí kò mọ àgbà.”

Mo sọ fún un pé inú ọyẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ọyẹ́ Iléṣà kò sì pa mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Okay, Mọ̀mí,” ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín. Atẹ́gùn kan gbá mi lójú, omi dà lójú mi, etí mi ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Mo gba kóòtù náà wọ̀, mo sì bi í bóyá ó ní òmíràn.

Lójú ọ̀nà, mo ń wo àwọn igi. Gbogbo wọn ló dúró gbáú láìsí ewé kan. Nílé wa, igi tó bá ti rí báyìí, àáké ló kàn. Mo bi Alhaji bóyá iná ló jó wọn ni àbí àrùn.

“Rárá o, Mọ̀mí. Wọn ò kú. They are just sleeping.”

Mo rò pé ó ti pẹ́ jù nílùú òyìnbó, pé ó ti gbàgbé bí igi ṣe ń rí. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ti rí ẹ̀rí tí mo ń wá. Ìlú tí igi kò ti lè gbé ewé, ṣé ibẹ̀ ni ọmọ ènìyàn yóò ti gbádùn?

Rẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé ó sanra jù mí lọ, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ẹni tó dúró níwájú mi yìí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti tín-ín-rín, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè padà sókè. Mo gbá a mú.

“Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n kúnlẹ̀ kí yín.”

“Mo ti gbà á,” ni mo wí. “Dìde, mo ti gbà á.”

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́.

Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í kàn

Wọ́n ń pe àdúgbò náà ní West Ridge. Ilé bíríkì alájà mẹ́ta ni, ìsàlẹ̀ ni Rẹ́nikẹ́ ń gbé, àtẹ̀gùn òkúta wà níwájú, fàráńdà onípákó sì wà lẹ́yìn. Inú ilé gbóná dáadáa, nítorí irin kan wà lẹ́bàá ògiri tó ń hó bí ìkòkò. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ kọjá sísọ! Nílé wa, ẹni tó ń ṣàìsàn kì í ráyè sùn nítorí àwọn tó ń wá kí i. Níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kanlẹ̀kùn àfi Alhaji, tó máa ń gbé ẹran àti iṣu wá láti Calumet City níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé wo àwọn tó ń kọjá. Wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á fi ìborùn di imú, wọ́n á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Wọn kì í kí ara wọn.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo gbóríyìn fún wọn lé lórí. Tí yìnyín bá rọ̀, kí n tó jí, àtẹ̀gùn iwájú ilé wa á ti mọ́ tónítóní, wọ́n á ti kó yìnyín rẹ̀ jọ sápá kan. Mo sọ fún Rẹ́nikẹ́ pé ìjọba ìlú yìí mọṣẹ́ o, pé ó yẹ kí àwọn káńsù wa wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pa ojú dé. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ń dùn mí jù. Mo gún iyán, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e sápá kan. Mo se ìrẹsì, mo din dòdò, mo se ọbẹ̀ ẹran. Ó máa mú ṣíbí kan tàbí méjì, á ní, “Àǹtí mi, ó dùn. Mo ti yó.” Dókítà ní egbò inú rẹ̀ ti jinná, pé oúnjẹ nìkan ló kù tí yóò gbé e dìde. Ẹ fojú inú wò ó, èmi tí mo bọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé, tí mo máa ń lé e ká ilé pẹ̀lú àwo ẹ̀kọ. Nígbà tó yá, mo fa àpótí pupa kan jáde lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó bá mi lẹ́nu rẹ̀.

“Àǹtí mi, kí lẹ ń ṣe?”

“Mò ń di ẹrù rẹ. A jọ ń lọ ni. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.”

“Ilé náà ni mo wà.”

“Ilé wo?” Inú ti ń bí mi. “Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í wá kí ọ?”

Ó jókòó sórí ibùsùn. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

“Àǹtí mi, ẹnu mi ò gba nǹkan kan mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù mí, mo sì mọ̀ pé kò sí níbí. Yánrin. Yánrin tí Ìyá máa ń fi ẹ̀gúsí sè fún wa tí ibà bá ṣe wá. Tí ẹ bá lè bá mi rí i, tí ẹ sè é, n ó jẹ àwo kan tán. Tí mi ò bá jẹ ẹ́ tán, n ó gbé àpótí yẹn, n ó tẹ̀ lé yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ ẹ́ tán, ẹ ó fi mí sílẹ̀ níbí.”

Ẹ rántí yánrin, ewébẹ̀ kíkorò tó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà oko. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí i lábẹ́ yìnyín? Kíá ni mo ní mo gbà. Mo mọ̀ pé mo ti jàre, mo sì ti àpótí náà pa.

Oòrùn tí ń kọ́ṣẹ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí omi ń kán: tó, tó, tó. Mo rò pé òjò ni. Mo yọjú, ojú ọ̀run mọ́ gaara, oòrùn sì ràn yòò. Yìnyín orí òrùlé ló ń yọ́. Inú mi dùn, mo bọ́ kóòtù dànù, mo ró ìró mi, mo wọ bùbá, mo jáde bí ìyàwó tuntun. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ oòrùn Ṣìkágò! Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pé, ooru kankan kò sí nínú rẹ̀. Mi ò dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí mo fi sá padà wọlé, eyín mi ń gbá ara wọn. Rẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín mi títí ó fi di ikùn mú. Ẹ̀rín gidi àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, díẹ̀ ló kù kí n tún jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni oòrùn náà ń kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan á mú ojú ènìyàn lọ́wọ́ọ́wọ́, lọ́jọ́ kejì á mú ẹ̀yìn ọrùn. Àwọn òyìnbó ń pè é ní ìgbà ìrúwé, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú túbú. Èmi wọ kóòtù àti ìbọ̀sẹ̀ onípọn, wọ́n ti wọ ṣòkòtò pénpé. Ọkùnrin kan dúró síwájú ilé rẹ̀, ó ń fọ mọ́tò, ó ń kọrin, omi tútù ń ṣàn sí i lẹ́sẹ̀, kò bìkítà. Mo rẹ́rìn-ín wọn lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí mo ṣí fèrèsé ilé ìdáná, tí òórùn ilẹ̀ tútù wọlé wá, òórùn tí a máa ń gbọ́ nílé tí òjò àkọ́rọ̀ bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀, mo dẹ́kun ẹ̀rín. Mo dúró síbẹ̀, mo ń fa òórùn náà símú bí ọmọdé.

Ọ̀sán ni a máa ń gbé àga lọ sí fàráńdà ẹ̀yìn. Rẹ́nikẹ́ á da ìbora bo ara, èmi á bọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi, a ó máa mu tíì. Ẹyẹ kan tí àyà rẹ̀ pọ́n bí ọsàn máa ń wá fẹsẹ̀ tú ilẹ̀ nísàlẹ̀, bíi adìyẹ tiwa gan-an. Nílé, ibòòji là ń gbé àga tẹ̀ lé. Níbẹ̀, oòrùn là ń gbé àga tẹ̀ lé, tó bá sún, a ó sún. Ẹ̀yin tí oòrùn ń lù lórí lójoojúmọ́ kò lè mọ adùn rẹ̀. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ọ̀bẹ ìyá arúgbó

Bí ara ilẹ̀ ti ń gbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí àdúgbò náà ká láàárọ̀. Ọjọ́ kan ni mo rí i. Lẹ́bàá ògiri ilé kan níbi tí oòrùn ti ń bà dáadáa, ewé kan tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi bí eyín ayùn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo já ọ̀kan, oje funfun yọ. Mo fi kan ahọ́n, ó korò. Mo pariwo “Yánrin!” lójú títì, kò sì sẹ́ni tó yé. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò rántí àpótí, n kò rántí àdéhùn. Ìyá wa ni mo rántí. Mo tú gèlè mi, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í já a sínú rẹ̀.

“No! No, no!”

Mo gbójú sókè. Ìyá arúgbó òyìnbó kan ń bọ̀, ó wọ aṣọ dúdú látòkè délẹ̀, ó so ìborí mọ́ àgbọ̀n, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ayé mi ti bàjẹ́! Ọ̀gá ilé-ìwé látijọ́, wọ́n mú un pẹ̀lú ewébẹ̀ olóko nínú gèlè. Ìyá náà gbé gèlè náà nílẹ̀, ó da ewé náà nù. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, ni mo rí i tó ń nawọ́ sí koríko, tó ń ṣe bí ẹni tó ń fọ́n oògùn sí i, tó wá di ikùn mú, tó yọ ahọ́n síta bí ẹni tó fẹ́ kú. Ó yé mi. Wọ́n ti fọ́n májèlé síbẹ̀. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó fà mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀. Yánrin kún ibẹ̀ bí ẹní tí a tẹ́.

Sofía lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì ni. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ tó tèmi. Ó fi ọ̀bẹ hàn mí bí wọ́n ṣe ń gé e láti ìdí kí gbogbo ewé lè wà pọ̀, àti pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ tó yọ. Ó gbá àyà rẹ̀, ó ní, “Me, oil. Lemon.” Mo gbá àyà tèmi náà, mo ní, “Èmi, epo pupa. Ẹ̀gúsí.” Ó mi orí, ó ní oil àti lemon. Mo mi orí, mo ní epo pupa. Báyìí la ṣe ń ṣakọ síra wa títí àpò tó gbé fún mi fi kún. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó nawọ́ sí ilé wa.

“For nurse?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó padà bẹ̀rẹ̀, ó gé sí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpò náà. Ibo ló ti mọ nọ́ọ̀sì? Mo rò ó títí mo fi délé.

Àwo kan

Ẹ̀gúsí àti irú tí mo gbé láti ilé wà níbẹ̀, epo pupa sì wà. Mo fi iyọ̀ fọ ewé náà, mo bọ̀ ọ́, mo fún un, mo jẹ́ kí ìkorò díẹ̀ kù nínú rẹ̀ bí Ìyá ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí irú bọ́ sínú epo, mo gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀. Rẹ́nikẹ́ ló ń bọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí kò wọ ilé ìdáná.

“Àǹtí mi, kí lẹ ń sè?”

“Yánrin ni.”

Ó yẹ ìkòkò wò. Ó mú ewé tútù kan tó kù lórí tábìlì, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Àǹtí mi! Dandelion nìyí! Koríko tí wọ́n ń ra oògùn láti fi pa nìyí o!”

“Ìwọ náà ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti débí. Jókòó.”

Ó jókòó. Mo gbé iyán kékeré àti ọbẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó bu òkèlè kan, ó fi run ọbẹ̀, ó gbé e mì, ó di ojú. “Ìyá,” ló wí. Ó tún bu òmíràn. Nígbà tó dé ìdajì ni mo tó rántí àdéhùn wa. Ẹ̀yin ẹbí mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi se ọbẹ̀ tó fẹ́ ba iṣẹ́ tí ẹ rán mi jẹ́. Bí òkèlè ṣe ń lọ, ayọ̀ ń mú mi, ẹ̀rù Bàbá Àgbà sì ń bà mí. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó fi ìka nu àwo náà, ó sì nà án sí mi pé kí n bu sí i.

“Àǹtí mi, mo jẹ ẹ́ tán. Ẹ ó fi mí sílẹ̀.”

Ẹ mọ̀ mí. Mo ní, “Yánrin la jọ ṣàdéhùn lé lórí. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé koríko lèyí. Àdéhùn kò mú wa.”

“Ah, Àǹtí mi! Ẹ ò lè ṣe mí bẹ́ẹ̀. That's cheating o!”

“Mo lè ṣe é. Èmi lẹ̀gbọ́n.”

Mo bu ọbẹ̀ sí i fún un. Àpótí pupa náà ṣì wà ní títì.

Lórí àtẹ̀gùn

Ní Sátidé kan, ooru gidi dé. Rẹ́nikẹ́ ti ń jẹun dáadáa nígbà náà, ó ní òun fẹ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Ó fara tì mí, a jáde. Gbogbo àdúgbò ló ti tú síta. Ọmọdé ń fi ẹfun yàwòrán sílẹ̀, àwọn kan jókòó síwájú ilé wọn láìṣe nǹkan kan, wọ́n kàn gbé ojú sí oòrùn. Gbogbo àwọn tí mo ti rò pé wọn kì í kí ara wọn ń pe ara wọn lórúkọ láti òdìkejì títì.

Ọkùnrin adúláwọ̀ kan, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń ti inú ilé ẹ̀gbẹ́ wa bọ̀, ó gbé ṣọ́bìrì lọ́wọ́, ó fẹ́ lọ kó o pamọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Bó ṣe rí Rẹ́nikẹ́, ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ó dì mọ́ ọn, ó wá kọjú sí mi. Ó ní nígbà tí ìyàwó òun wà lórí àìsàn tó pa á, lẹ́yìn tí Rẹ́nikẹ́ bá ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọsibítù, ó máa ń wá wẹ̀ ẹ́, ó máa ń di irun fún un, títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Ó ní láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó yìnyín àtẹ̀gùn Rẹ́nikẹ́ àfi òun. Ẹ ò rí ìjọba tí mo ń yìn! Mo wo Rẹ́nikẹ́, ó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

Òun nìkan kọ́. Ìyá Íńdíà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní títì Devon gbé àkàrà dídùn wá, ó ní Rẹ́nikẹ́ ló gba ọmọ òun sílẹ̀ lọ́jọ́ tí gìrì mú un. Sofía dé pẹ̀lú àwo yánrin olóróró àti ọsàn wẹ́wẹ́, ó gbé e sí mi lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń pè mí níjà. Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn, n kò sì jẹ́ kó mọ̀. Alhaji àti ìyàwó rẹ̀ dé láti Calumet City. Mo fa Alhaji sẹ́yìn, mo bi í ibo ni gbogbo àwọn wọ̀nyí wà látijọ́.

“Mọ̀mí, níbí, tí ara èèyàn ò bá yá, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó rest. That's how they show respect. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń pè mí ní phone, ‘How is Nurse?’ Every day, Mọ̀mí.”

Àwa a máa fi ariwo kún yàrá aláìsàn, àwọn a máa fi ẹ̀rọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìfẹ́ kan náà ni, n kò mọ̀.

Ọkùnrin oníṣọ́bìrì náà wá bi mí pé òun gbọ́ pé mo wá mú Rẹ́nikẹ́ lọ ni, ṣé lóòótọ́ ni? Sofía wò mí. Rẹ́nikẹ́ ń wo orúnkún ara rẹ̀, kò bẹ̀ mí, kò ṣẹ́jú sí mi. Wọ́n ní ènìyàn laṣọ. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀ ni mo ti ń rò pé ìhòòhò ni àbúrò mi wà nínú òtútù yẹn, àṣé òun ló wọṣọ jù nínú ilé ẹbí wa. Orí mi wú. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ọmọ ta ni níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ Iléṣà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló fi di ẹni tí odindi ojú títì ń dúró dè. Mo dá ọkùnrin náà lóhùn.

“Rárá o. Mo kàn wá kí i ni.”

Rẹ́nikẹ́ di ọwọ́ mi mú, ó fún un pinpin. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí àpótí pupa, mo sì sá gbogbo aṣọ inú rẹ̀ sórí igi fàráńdà ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i.

Ibi tí mo fi í sí

Kí n tó kúrò níbẹ̀, àwọn igi ti ń yọ ewé tútù wínníwínní. Alhaji kàn ń dín eré takisí rẹ̀ kù níbi tí wọ́n bá pọ̀ sí, kí n lè rí wọn dáadáa. Mo gbà fún un. Wọn ò kú.

Ní pápákọ̀ òfurufú, láàárín èrò tó ń lọ tó ń bọ̀, Rẹ́nikẹ́ gbé báàgì mi kalẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún padà. Mo rò pé ó fẹ́ dì mọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì ló fi kan ilẹ̀ dídán yẹn, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi kí ilé.” Àwọn òyìnbó ń yà lọ́tùn-ún lósì, ọkùnrin kan sáré wá, ó rò pé ó ṣubú, mo sì nawọ́ dá a dúró. Mo súre fún àbúrò mi, gbogbo ìre tí Ìyá máa ń ṣe fún wa. Nígbà tí mo parí, mo na ọwọ́ sí i kó dì í mú kó fi dìde. Kò dì í mú.

Bàbá Àgbà, ẹ ní kí n má dá padà wá, mo sì dá padà wá. Ẹ bi mí pé ibo ni mo fi ọmọ yín sí. Ibi tó ti kúnlẹ̀, tó sì dá dìde, ni mo fi í sí.